Ẹni Tó Kà Á Tán Ti Gbà

"Ojú máa kúrò níbí," ni Asẹ́ wí.

Ìbídùnní pa gbólóhùn náà rẹ́, ó tún un kọ. Asẹ́ kà á, ó tún sọ bákan náà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í yí padà láéláé: "Ojú máa kúrò níbí."

"Ojú ta ni?" Ìbídùnní jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ tí o ò lójú!"

Asẹ́ kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ tó ga tó àpótí aṣọ ni, wọ́n gbé ọ̀kan sí yàrá akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní Ilé Akọ̀wé tó wà ní Àtúntẹ̀dó, kò sì sí ìwé tó lè dé ojú wàláà ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ sú òǹkàwé ni í máa ń tọ́ka sí. Ọdún méje ni Ìbídùnní ti ń bá a jà, ó sì ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé Asẹ́ kì í sábà ṣì í.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ kọ́ ló ń bí i nínú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ gan-an ni kò yé e. "Ìtàn omi Òkè-Ìsun, fún àwọn ará Òkè-Ìsun. Kó mọ́. Kó dùn. Ọjọ́ mẹ́fà." Ọjọ́ mẹ́fà! Nígbà tó kọ ìkéde lórí gọ́tà kíkó fún àdúgbò mẹ́rìnlá, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fún un, wọ́n sì tún ń kanlẹ̀kùn kó tó parí. Òkè-Ìsun yìí sì ni ìlú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti hu eyín, ibẹ̀ ló sì ti ká a. Ta ló wá ń jókòó ṣe ìtàn omi fún ẹni tó ń fi omi náà bọ́jú láràárọ̀?

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ọ̀gá Ilé Akọ̀wé, wọlé pẹ̀lú àgbàdo sísun mẹ́ta àti àgbọn tí wọ́n ti bó sínú àwo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámú Akọ̀wé. Mo ní kí n mú nǹkan panu wá fún yín."

Ìbídùnní wo àgbàdo, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Láti ọdún méje, ọkùnrin yìí kò fi omi tútù lọ̀ ọ́ rí. "Ìwọ" ló máa ń pè é, "ìwọ" náà ló sì máa ń pè é lójú àlejò. Òní ló di "ẹ̀yin." Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbídùnní dúpẹ́, ó gba àwo, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ ka ìtàn omi?"

"Àwọn ará ilé yín ni."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, sà. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti wẹ̀ dàgbà."

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè rẹ́rìn-ín. "Ìtàn téèyàn ti mọ̀ ló máa ń dùn mọ́ ọn jù. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ kọ ọ́ kó jẹ́ pé kálukú á gbé wàláà tiẹ̀, á wá igun kan jókòó sí, á sì kà á fúnra ẹ̀."

"Kálukú?"

"Kálukú," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìbídùnní jókòó, ó ń wo ilẹ̀kùn tó padé. Ní Òkè-Ìsun, ènìyàn kì í dá kàwé. Bí ìkéde bá dé, ẹnì kan ni yóò gbé wàláà sórí itan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa kà á sókè, agbo ilé á máa gbọ́, wọ́n á máa bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bú ẹni tó kọ ọ́. Ní agbo ilé tiwọn, Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ni wọ́n ń kà á láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Àwọn ará Àtúntẹ̀dó máa ń fi èyí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ará oko ni wọ́n, wàláà mẹ́wàá ń bẹ nílé wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń tàn. Ṣùgbọ́n ojú kékeré tó wà níwájú orí wàláà, ojú ẹni tó ń kàwé nìkan ló ń rí. Kò rí etí. Ìkéde mẹ́jọ ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí Òkè-Ìsun láàárín ọdún mẹ́ta, kò sì sí ọ̀kan tí ojú ẹni méjì nínú mẹ́wàá kà tán, débi pé yóò pé méje.

Bí kò bá sì pé méje, kò ì dòfin. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sára ògiri òkè ẹnu ọ̀nà Ilé Akọ̀wé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́ta: ẸNI TÓ KÀ Á TÁN TI GBÀ. Kò sí ìpàdé, kò sí ìtẹ̀ka, kò sí pé a ń bi baálé. Bí ojú ẹni méje nínú mẹ́wàá bá ti kan àmì ìparí, gbogbo ìlú ti gbà nìyẹn, àti ẹni tó sùn àti ẹni tó lọ sóko.

Ohun tí wọ́n sì ń gbà, inú ìrù ló máa ń wà. Orí ìkéde àti ikùn rẹ̀, ti akọ̀wé ni. Ìrù rẹ̀, Ilé Òfin ni í kọ ọ́, wọ́n á dì í, wọ́n á sì tì í bọnú Asẹ́ tààrà. Akọ̀wé kì í rí i. Ìbídùnní kò sì béèrè rí. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé iṣẹ́ òun ni kí ojú má kúrò, ohun tí ojú bá bá níwájú kò kan òun. Bó ṣe rántí ọ̀rọ̀ yìí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú tì í díẹ̀.

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé: "Omi yìí ti ń ṣàn kí àwọn baba ńlá wa tó dé, yóò sì máa ṣàn títí láé."

"Títí láé ti wà nínú ìrù," ni Asẹ́ wí. "Wá òmíràn. Àtúnsọ ń sú òǹkàwé."

Ọwọ́ Ìbídùnní dúró lókè. Ó ti gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò lóǹkà, á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, á sì fi òmíràn rọ́pò láìronú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fà sẹ́yìn lórí àga. Kí ni títí láé ń wá nínú ìrù ìtàn omi?

Ó kọ "ìmọ́tótó" sílẹ̀. Asẹ́ dákẹ́. Ó pa á rẹ́, ó kọ "àjọ̀dún." Asẹ́ dákẹ́. Ó kọ "ìsun."

"Ìsun ti wà nínú ìrù."

Ó kọ "àwọn ọmọ wa." Ó ti wà níbẹ̀. Ó kọ "fi sílẹ̀." Ó ti wà níbẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ló wá kọ orúkọ tí kò fẹ́ kọ: "Ilé Ẹ̀rọ."

"Ilé Ẹ̀rọ ti wà nínú ìrù," ni Asẹ́ wí, bí ẹni ń kí i káàárọ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ Ilé Ẹ̀rọ ní Àtúntẹ̀dó. Òun ló ń ronú fún gbogbo ìlú, gbígbóná ló sì máa ń gbóná bó ṣe ń ronú, omi tútù ni wọ́n sì ń rọ fún un tọ̀sán tòru. Ó ti mu odò méjì gbẹ. Ewúrẹ́ ń jẹko nínú èyí èkejì báyìí. Ìbídùnní di orí mú. Ìsun Òkè-Ìsun ni wọ́n fẹ́ gbà, òun ọmọ ìlú ni wọ́n sì fẹ́ fi ohùn rẹ̀ gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé kóun kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀, Adéyanjú tó wà ní yàrá kejì á kọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ó rò ó pé kóun pe Màmá Àgbà. Ìyẹn kò ṣeé ṣe, nítorí pé bí iṣẹ́ ìlú kan bá ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé, wọ́n á dí ohùn láàárín òun àti ìlú náà títí iṣẹ́ á fi parí, kó má baà bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nínú gbogbo òfin Ilé Akọ̀wé, ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yí padà: ìlà kìn-ín-ní, ti akọ̀wé ni. Bí Asẹ́ bá ti lè gbà á, ọ̀gá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó ju gbogbo ohun tó ti kọ nù. Ó kọ ìlà kan, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́:

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ìsun, ẹ má ka ìwé yìí tán o, nítorí pé bí ẹ bá kà á tán, ẹ ti fi ìsun yín sílẹ̀ fún Ilé Ẹ̀rọ títí láé."

Ó ń retí kí Asẹ́ ké lórí àtúnsọ. Asẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ fún un rí láti ọdún méje:

"Ó mọ́ gaara. Ojú kankan kò ní kúrò."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Ìbídùnní. Inú rẹ̀ dùn, a kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó mọ́, tó wá rí i lọ́jọ́ tó fi ń gba ìlú ìyá rẹ̀ là, ẹ jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀. Ó kọ ìtàn omi sí abẹ́ rẹ̀ wéréwéré láàárín wákàtí méjì, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wá fúnra rẹ̀. Ó dúró ka ìlà kìn-ín-ní lórí wàláà rẹ̀, ó tún un kà. Ìbídùnní ti múra sílẹ̀ de igbe. Ó ti há ohun tó máa fi dá a lóhùn sórí.

"Ìlà kìn-ín-ní, ti akọ̀wé ni," ni ọ̀gá wí. "Ẹ kú làákàyè."

"Ẹ ò bínú?"

"Kí ni n ó máa bínú sí? Òótọ́ lẹ kọ." Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ wàláà, ìwé náà lọ. Ó wá fa àga, ó jókòó, ó mú àgbàdo kan nínú àwo tí Ìbídùnní kò fọwọ́ kàn, ó sì kọjú sí pátákó ara ògiri tó ń ka ojú àwọn òǹkàwé. "Ẹ jókòó, ká jọ wò ó."

Ìdùnnú Ìbídùnní dòfo lẹ́sẹ̀ kan náà. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo ni, ara ìbá tù ú. Ọkùnrin tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí rẹ̀, tó wá ń jẹ àgbàdo jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ejò nínú.

Pátákó tàn. Ẹnì kan nínú mẹ́wàá ń kàwé. Bó ṣe máa ń rí ní Òkè-Ìsun nìyẹn: Màmá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn, ẹnì kan ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ìbídùnní rora mí. Pátákó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò lọ, kò bọ̀.

Lẹ́yìn náà ló di méjì. Ó di mẹ́ta. Kò ṣẹ́jú tó fi di mẹ́rin.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn ará ilé yín ló ń kàwé," ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wí, ó yọ èèpo àgbàdo lẹ́nu. "Ẹ tiẹ̀ fojú inú wò ó. Màmá kan ń kàwé fún ogún èèyàn. Ó ka ìlà kan péré, ó dákẹ́, ó ní òun ò kà mọ́, ó da wàláà dé. Bí ẹ bá wà nínú ogún èèyàn yẹn, kí lẹ máa ṣe?"

Ìbídùnní kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìyókù fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn akọ̀wé tuntun lọ́dọọdún pé kò sí oyin tó ń fa eṣinṣin bí ohun tí a bá ní kí òǹkàwé má wò. Ó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn bí ẹni pé ó wà níbẹ̀: wọ́n ń wo Màmá Àgbà, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnì kan ń kùn pé kí ló wà níbẹ̀ tí màmá ń fi pa mọ́, ẹnì kan ti dìde lọ sí yàrá. Kálukú ń lọ gbé wàláà tirẹ̀. Kálukú ń wá igun kan jókòó sí.

"Ọdún mẹ́ta la ti ń wá ohun tó máa mú kí wọ́n fura síra wọn," ni ọ̀gá wí. "Àwa rò pé adùn ni. A ò mọ̀ pé òótọ́ ni."

Pátákó di márùn-ún.

Òǹtẹ̀ Ìbídùnní wà lọ́rùn rẹ̀, idẹ kékeré tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Òun ni ojú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ; láìsí i, wàláà kan kò ní gbé e jáde. Akọ̀wé lè fa ìwé rẹ̀ yọ kó tó pé méje, bó bá fi òǹtẹ̀ sí Asẹ́ lẹ́nu kí ó lọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fà yọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un lò mọ́. Ṣùgbọ́n a kì í gba òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láyé. Láti ọjọ́ náà lọ, bó kọ lẹ́tà, bó kọ orúkọ ara rẹ̀, òfìfo ni ẹlòmíràn á máa rí.

Ó di òǹtẹ̀ náà mú, kò sì lè bọ́ ọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà tó ti ń kọ lẹ́tà fún gbogbo agbo ilé. Bí wọ́n bá ní kó yan ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kíkọ, yóò béèrè pé ọwọ́ wo ni wọ́n fẹ́ gbà. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣẹjọ́. Ṣebí ó ti kìlọ̀ fún wọn? Ṣebí ọ̀rọ̀ náà mọ́? Ojú wọn là sílẹ̀ kedere tí wọ́n fi ń kà á lọ. Ẹni tí a ní kó má fọwọ́ kan iná, tó bá fọwọ́ kàn án, ta ni kó bú?

Mẹ́fà.

Ìgbà yẹn ló wá rántí ẹnì kan tí kò ní sí nínú àwọn méje náà. Màmá Àgbà á ti da wàláà dé nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n dà á dé. Wọ́n á jókòó sórí àpótí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n lópùrọ́ rí, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà. Ìbànújẹ́ tó gba ọkàn Ìbídùnní kò jẹ́ kó lè jókòó mọ́. Ó já òǹtẹ̀ lọ́rùn, ó tì í bọ Asẹ́ lẹ́nu.

Ẹ̀rọ náà lọ̀ ọ́ bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Pátákó ṣókùnkùn.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè rora gbé àgbàdo sílẹ̀. "O ti ba ara ẹ jẹ́," ni ó wí. Ó ti padà sí "ìwọ." "Lásán sì ni. Bó di ọ̀la, Adéyanjú máa kọ òmíràn."

"Kò ní ìlà yẹn láti lò."

"Á wá tiẹ̀. Ohun tó ṣòro jù, o ti bá wa ṣe é." Ó dìde, ó nu ọwọ́. "Kó ẹrù ẹ."

Kò purọ́, Ìbídùnní sì mọ̀. Kò tíì kó nǹkan kan tí wàláà rẹ̀ fi dún. Iṣẹ́ ti parí, wọ́n ti ṣí ohùn. Màmá Àgbà ni.

"Ìbídùn, ṣé àlàáfíà lo wà?" Wọn kò dúró gbọ́ ìdáhùn. "Nǹkan ṣe wá lónìí. Ìwé kan dé, ó ní ká má ka òun tán. Mo ní ó dáa, mo dà á dé. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ní mò ń fi nǹkan pa mọ́? Èmi! Délé, tí mo pọ̀n, ó ní bóyá ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pín tí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Gbogbo wọn lọ gbé wàláà. Ìgbà tó ṣókùnkùn mọ́ wọn lójú, wọ́n ní èmi ni mo ṣe é."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe ohun tó tọ́. Òótọ́ ni ìwé yẹn sọ. Ìsun ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n á tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a kà."

"Wọn ò ní gbà á lẹ́nu mi mọ́." Màmá Àgbà gbé wàláà sún mọ́ ẹnu. "Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Kọ ọ́ bó o ṣe máa ń kọ ọ́, kó mọ́, kí n fi hàn wọ́n. Wọ́n á gba tìrẹ gbọ́."

Ìbídùnní fẹ́ sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe mọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa wàláà mọ́ra, ó kọ ọ́, gbólóhùn mẹ́rin péré, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó dín tàbí tó lé nínú wọn. Nínú gbogbo ohun tó ti kọ rí, kò sí èyí tó dára tó o. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó sì ń gbàdúrà bí aláìgbọ́n.

Ó gbọ́ tí Màmá Àgbà ń mí. Ó gbọ́ tí wọ́n ń nu gíláàsì ojú wọn.

"Ó ti dé," ni wọ́n wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Funfun báláú ni." Lẹ́yìn náà, ohùn wọn yí padà, ó di ohùn tí Ìbídùnní kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láti kékeré. "Ìbídùnní. Ṣé ìwọ náà ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi ni?"

Ó dùn ún wọ egungun.

"Ẹ pe gbogbo wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá," ni ó wí, ó sì ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ojú mi bí mo bá ṣe ń sọ ọ́."